Ẹ́ńjìnnì Hayabusa nínú ọkọ̀ àtòpọ̀: ìwúwo kọ́ ló ń pa á, ọ́ìlì ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Coventry ni mo ń gbé. Mo ra ọkọ̀ àtòpọ̀ Locost kan tí ẹni tó ń tò ó kò tò parí. Ó ti jó irin ṣáásì rẹ̀ pọ̀ tán, dífù Ford Sierra 3.62 wà lẹ́yìn (irin tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì á yí 3.62 kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan), táyà 185/60 oníínṣì 13 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì Ford Pinto ni wọ́n wọn ibẹ̀ fún. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì Suzuki Hayabusa ọdún 2001 fún mi, láti ara alùpùpù tó ní jàǹbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún ohun tí kò tó 250 kg kò ní lo ọdún kan nínú ọkọ̀ kó tó kú. Òmíràn ní bí mo bá ti lè gbé e síbẹ̀, ọkọ̀ náà á máa sá 190 máìlì ní wákàtí bíi ti alùpùpù. Mo fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, kí n sì máa gbé e lọ sí pápá eré ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo ni ohun tí kò ní rífáàsì á ṣe máa rìn sẹ́yìn?

Àbúrò mi, mo kí ọ kú ìnáwó. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ìkẹrin tí o kò bi mí ló sì jù wọ́n lọ. O fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì náà á lè gbé ọkọ̀, ibi tí eré rẹ̀ lè dé, àti bí á ṣe máa rìn sẹ́yìn. Èyí tí o kò bi mí ni bí ọ́ìlì á ṣe máa dé ibi tó yẹ kó dé nígbà tí o bá ń sáré wọ kọ́nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí mo ti tú palẹ̀ nínú irú ọkọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló pa wọ́n. Mo máa dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa pẹ́ jù.

Ohun tí o fẹ́ ṣe kì í ṣe àjèjì ní ìlú Ọba níbí. Ní 1957 ni Colin Chapman gbé Lotus Seven jáde: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀, awẹ́ aluminiọmu, ẹ́ńjìnnì kékeré, ó parí. Caterham gbà á lọ́wọ́ Lotus ní 1973, àwọn míì ṣe tiwọn jọ ọ́, títí tó fi di pé ẹni tó bá mọ irin jó lè jókòó sí gáráàjì rẹ̀ kó ṣe é. Ibẹ̀ ni Locost tìrẹ ti wá. Nígbà tí Honda gbé alùpùpù Fireblade jáde ní 1992, tí Yamaha mú R1 dé ní 1998, tí Hayabusa sì tẹ̀ lé e ní 1999, àwọn tó ń tò ọkọ̀ rí i pé ẹ́ńjìnnì tí ẹni méjì lè gbé nílẹ̀, tí jíà mẹ́fà wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, lágbára ju ti Ford tí wọ́n ń lò lọ fíìfíì. Westfield ṣe ọkọ̀ Megabusa. Radical, tó bẹ̀rẹ̀ ní Peterborough ní 1997, orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé, ní 2009 sì ni Radical SR8 LM, tí ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ wá láti ìdílé Hayabusa, yí pápá eré Nordschleife ní Nürburgring, ní Jámánì, po ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe kò wo àyíká rẹ̀ dáadáa.

Jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì kò mọ ìwúwo ohun tó ń gbé. Ohun tó mọ̀ kò ju bí irin tó ti inú jíà rẹ̀ jáde ṣe le tó láti yí. Lára alùpùpù, ṣéènì ló so mọ́ irin yẹn, eyín 17 níwájú, eyín 40 lẹ́yìn, ìyẹn 2.35. Nínú ọkọ̀ rẹ, dífù 3.62 ló máa gba ipò ṣéènì, táyà rẹ sì kéré ju táyà ẹ̀yìn alùpùpù lọ. Pa méjèèjì pọ̀, wàá rí i pé ipá tó ń dé ilẹ̀ ní jíà kan náà máa tó ìlọ́po 1.7 ti alùpùpù. Hayabusa pẹ̀lú ẹni tó gùn ún sún mọ́ 300 kg. Ọkọ̀ rẹ, pẹ̀lú ìwọ àti ẹnì kejì nínú rẹ̀, á tó 650 kg, ìyẹn bí ìlọ́po 2.2. Àárín 1.7 àti 2.2 yẹn ni ìyà tó kù fún ẹ́ńjìnnì láti jẹ, kò sì tó ohun tó ń pa á. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, tí ìyípo rẹ̀ ti kọjá 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìrọ̀rùn ló kù. Ibi tí ìwúwo ti máa ń hàn ni ìgbà tí o bá fẹ́ kúrò lójú kan, kílọ́ọ̀ṣì ló sì ń san gbèsè yẹn.

Jíà kìn-ín-ní Hayabusa gùn. Pẹ̀lú dífù tí o ní, á gbé ọ dé nǹkan bíi máìlì 45 ní wákàtí kó tó dé òpin ìyípo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní flywheel, irin rìbìtì wúwo tó ń yí, tó ń bá a pa agbára mọ́, ti alùpùpù kò ní irú rẹ̀. Bí o bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní 2,000 bí o ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ tí o ń gbé lọ síbi iṣẹ́ báyìí, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. O ní láti gbé e sókè dé 3,500 tàbí 4,000, kí o sì máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gò-sílóò, awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ń jẹ, ó sì ń gbóná. Fi sípíríńgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ sí i kí ẹ́ńjìnnì tó wọ ọkọ̀, kò wọ́n. Ohun kejì ni pé kílọ́ọ̀ṣì yìí inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, kò dá gbẹ bíi ti ọkọ̀. Ọ́ìlì tí a kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, ni kí o máa rà. Ọ̀pọ̀ nínú ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ní èròjà tó ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin, bí irú èyí bá dé orí awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì ńkọ́? Òótọ́ ni pé Hayabusa tó kọ́kọ́ jáde sá kọjá 190 máìlì ní wákàtí, débi pé àwọn tó ń ṣe alùpùpù fẹnu kò láti má ṣe jẹ́ kí tiwọn kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí mọ́. Ṣùgbọ́n jíà ló ń sọ eré, kì í ṣe agbára nìkan. Ìṣirò tìrẹ rèé: jíà tó wà láàárín kíránkì (irin tí písítìnnì ń yí) àti kílọ́ọ̀ṣì Hayabusa jẹ́ 1.596, jíà kẹfà jẹ́ 1.043, dífù rẹ jẹ́ 3.62. Fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, o ní 6.03. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 10,500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa yí 1,740. Táyà rẹ ń bo nǹkan bíi mítà 1.73 ní ìyípo kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi máìlì 113 ní wákàtí, kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀. Dífù 3.14 á gbé e dé nǹkan bíi 130, 3.92 á fà á padà sí 104. Àti pé kí ó tó dé 130 gan-an, afẹ́fẹ́ á ti dojú kọ ọ́, torí àwọn ẹsẹ̀ iwájú Locost wà níta, orí ìwọ awakọ̀ náà wà níta, kò sí ohun tó ń gé afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó jẹ ọ́ lógún ju òpin eré lọ ni mọ́tòwéè: ní máìlì 70, pẹ̀lú dífù rẹ, ẹ́ńjìnnì á máa yí 6,500 láìsinmi. Pẹ̀lú 3.14, á tó 5,650, ṣùgbọ́n jíà kìn-ín-ní á tún gùn sí i, kílọ́ọ̀ṣì á tún jìyà sí i. Kò sí dífù tó lè fún ọ ní méjèèjì. Fún ẹni tí pápá eré jẹ lógún, màá fi 3.62 sílẹ̀ níbi tó wà.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wàyí. Ṣé o ti wo alùpùpù nígbà tó bá wọ kọ́nà? Ó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí pé ó dà, ipá tó ń tì í síta àti ìwúwo rẹ̀ tó ń fà á sílẹ̀ pa pọ̀ di ọ̀kan, tó gba àárín rẹ̀ kọjá lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ táyà. Ọ́ìlì inú páànù, abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ pé kọ́nà wà. Ìsàlẹ̀ ló wà bíi pé alùpùpù dúró sójú kan. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ èyí, wọn kò sì rí ìdí láti fi ohun tó máa dènà ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ páànù. Ọkọ̀ kì í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, tó wọ táyà tó dára, lè yà ní kọ́nà pẹ̀lú ipá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, ojú ọ́ìlì kì í tẹ́ mọ́, á dá dúró ní dígírì 45, bí omi inú garawa tí a gbé sínú búùtù ọkọ̀. Ọ́ìlì gun ògiri páànù, ẹnu páìpù tó ń fà á wà lásán, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ní 9,000 ìyípo, bẹ́ríìnì tó wà lára kíránkì kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì. Kọ́nà gígùn tí a ń rọra yà ló burú jù, torí pé ọ́ìlì ní àsìkò láti kó lọ tán. O kò ní gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ìrìn kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbì-gbì-gbì, nígbà náà ẹni tó ni ín á ní ọkọ̀ ti wúwo jù fún un. Bí irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Má gbàgbé pé a ó yí ẹ́ńjìnnì náà ká kó tó wọ ọkọ̀. Apá òsì rẹ̀, níbi tí ṣéènì ti jáde, ló máa kọjú sí ẹ̀yìn kí ó lè so mọ́ ṣáàfù tó lọ bá dífù. Iwájú rẹ̀ á wá kọjú sí apá òsì ọkọ̀. Ìròyìn ayọ̀ wà nínú èyí: sàlẹ́ńsà á gba òsì jáde, ìwọ tí o jókòó sí ọ̀tún kò ní jóná, àti pé ìhà tí irin náà ń yí sí bá ti dífù Sierra mu, kò sí ohun tí o máa dojú rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n kọ́nà tó ń yà sí òsì á máa ju ọ́ìlì sí ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń yà sí ọ̀tún á máa jù ú sí iwájú rẹ̀, bíréèkì á sì máa jù ú sí apá tí ọ́ìlì kì í dé nígbà tó wà lára alùpùpù.

Kí ni a lè ṣe sí i? Àwọn kan máa ń bu ààbọ̀ lítà lé e kọjá àmì. Ó ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kíránkì á máa na ọ́ìlì tó pọ̀ jù, á di ìfófó, ìfófó kò sì sàn ju afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn míì ń fi awẹ́ irin tó ní ihò dé inú páànù. Ó dára fún títì, kò tó fún pápá eré. Èyí tí mo fọwọ́ sí fún irú ọkọ̀ rẹ ni páànù tuntun tí wọ́n ṣe fún Hayabusa tó ń wọ ọkọ̀: kò jìn, ó fẹ̀, yàrá kékeré yí ẹnu páìpù ká, ilẹ̀kùn kéékèèké sì wà lára rẹ̀ tó ń gba ọ́ìlì wọlé tí kì í jẹ́ kó jáde. Ó tún yanjú ìṣòro míì fún ọ, torí páànù tí Suzuki ṣe jìn débi pé ó lè máa gbá ilẹ̀ lábẹ́ Locost. Ní òkè gbogbo èyí ni dry sump wà, níbi tí ọ́ìlì ti ń gbé inú táǹkì lọ́tọ̀, tí pọ́ǹpù kan ń fa gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ padà síbẹ̀. Òun nìkan ni mo lè fọkàn tán bí o bá fẹ́ wọ táyà eré-ìje tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Owó rẹ̀ lè ju ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ, n kò ní pa irọ́ fún ọ. Èyíkéyìí tí o bá mú, fi gééjì ọ́ìlì sí ojú rẹ gan-an, àti iná pupa ńlá kan tó máa tàn bí agbára ọ́ìlì bá ti ń rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá tán. Iná tí ẹ́ńjìnnì bá wá, àfi kí ó sọ fún ọ pé ó ti bàjẹ́.

Ní ti rífáàsì: òfin ìlú Ọba ní ọkọ̀ tó bá wọ̀n ju 410 kg lọ láìsí ẹrù gbọ́dọ̀ lè rìn síwájú àti sẹ́yìn. Locost tó ní dífù Sierra kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n kéré tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà o nílò rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni sítátà alábátìrì tí a so mọ́ ṣáàfù, tí o máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó tó fún ilẹ̀ tó tẹ́ àti àyíká ilé. Lórí òkè, pẹ̀lú ẹni méjì nínú ọkọ̀, á gbóná, bátìrì á sì rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni àpótí jíà kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dífù. Ó wọ́n, ó wúwo díẹ̀, ó sì máa ń kùn, ṣùgbọ́n rífáàsì gidi ni. Ó tún pín ṣáàfù sí méjì, èyí tí ó yẹ kí o ṣe tẹ́lẹ̀, torí ní òpin jíà kẹfà ṣáàfù yẹn á máa yí nǹkan bíi 6,300 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣáàfù gígùn kan ṣoṣo tí kò yí geere á gbọn bẹ́ríìnì inú jíà alùpùpù títí yóò fi tú, torí ṣéènì ni wọ́n ṣe é fún.

Ọkọ̀ rẹ kò tíì ní nọ́mbà, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ la ìdánwò IVA kọjá, àyẹ̀wò tí DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń ṣe fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí DVLA, àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́mbà, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń pinnu òfin èéfín tó kàn án, nítorí náà gba nọ́mbà férémù alùpùpù náà àti ìwé tó fi ọdún rẹ̀ hàn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ariwo ni ó máa ń dá àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n á gbé ìyípo sókè dé ìdá kan nínú ibi tí agbára ẹ́ńjìnnì náà ti pọ̀ jù kí wọ́n tó wọn ariwo, ti alùpùpù sì ga ju ti ọkọ̀ lọ. Ra sàlẹ́ńsà ńlá, má wo ẹwà.

Wáyà kò ní dà ọ́ láàmú bí o bá ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ara alùpùpù kan náà: bíréènì-bọ́ọ̀kìsì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), wáyà, kọ́kọ́rọ́, gééjì, pọ́ǹpù epo. Ìyà ni fún ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì lásán tó wá ń wá ìyókù káàkiri. Ṣọ́ nǹkan kékeré kan tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì dúró bí alùpùpù bá ṣubú. Gbé e bó ṣe wà lára alùpùpù, láìdojú rẹ̀ dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní tàn. Rédíétọ̀ ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú fáànù ni kí o lò dípò ti alùpùpù.

Nísinsìnyí, ibi iṣẹ́. Hayabusa yìí ní nǹkan bíi 173 agbára ẹṣin, ẹ́ńjìnnì Zetec 2.0 inú Ford Mondeo ní nǹkan bíi 130. Ṣùgbọ́n Zetec ń fún ọ ní ipá yíyí (torque) tó ju ti Hayabusa lọ, ó sì ń fún ọ kó tó dé 5,000 ìyípo, nígbà tí Hayabusa ń dúró de 7,000. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nínú òjò, nínú gò-sílóò, Zetec pẹ̀lú jíà Ford tàbí ẹ́ńjìnnì Mazda MX-5 pẹ̀lú jíà tirẹ̀ ló máa gbé ọ dé ibi iṣẹ́ láìrẹ̀ ọ́. Jíà alùpùpù kì í jẹ́ kí o fo láti ìkẹta sí ọ̀fẹ́. O ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ sì wà láàárín kìn-ín-ní àti kejì, ó sì máa ń ṣòro láti rí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an. Kò sí ohun tó dà bíi kí ẹ́ńjìnnì máa gun òkè lọ sí 10,000 níwájú rẹ, kí jíà sì máa wọlé kíá láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò lè gba ẹni tó bá ní ọkọ̀ kan ṣoṣo níyànjú pé kó jẹ́ irú rẹ̀. Bí o bá ní ọkọ̀ míì tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, ra Hayabusa. Bí Locost bá ni yóò jẹ́ ọkọ̀ rẹ, ra Zetec, kí o sì yá alùpùpù gùn lọ́jọ́ ìsinmi.

Bí o bá pinnu láti rà á, má san owó kí o tó rí inú páànù rẹ̀. N kò rí ẹ́ńjìnnì náà, n kò sì lè mọ bó ṣe wà láti ibi tí mo wà. Alùpùpù tó ní jàǹbá ni, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pọ́ǹpù á ti fa afẹ́fẹ́ nígbà yẹn náà. Bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí o dà ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí o tú páànù, kí o sì wo ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí o bá rí ègé wẹ́wẹ́ tó ń dán bí fàdákà tàbí bàbà, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti ń jẹ, fi í sílẹ̀ fún un. Bí ó bá sì kọ̀ pé kí o má tú u, fi í sílẹ̀ fún un bákan náà.